Rí ìwé náà kí o tó kọ àkòrí

Wa alaykumu salam, àbúrò. O ní alábòójútó rẹ ń bèèrè àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ máásítà rẹ, pé o fẹ́ kọ nípa ipa tí Shaykh Adam al-Ilory kó nínú ìmọ̀ Lárúbáwá nílẹ̀ Yorùbá. O tún bèèrè bóyá ìwé àfọwọ́kọ àwọn àáfà Ìlọrin kò ní le jù fún ọ, àti èdè wo ni kí o fi kọ ọ́. Mo ti la iṣẹ́ yìí kọjá, bó ṣe rí ni màá sọ.

Fi Shaykh Adam sílẹ̀ ná. Láti 1952 tí wọ́n dá Markaz, ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá wọn, sílẹ̀ títí di 1992 tí wọ́n papòdà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kọ̀wé lórí wọn pọ̀ débi pé kò sí ohun tí ìwọ fẹ́ sọ tẹ́nìkan ò ní ti sọ. Ìwé àfọwọ́kọ ni kí o gbájú mọ́. Ó le lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibi tí o rò ló ti le.

Má gbé àkòrí kankan lọ bá alábòójútó rẹ bí o kò bá tíì fojú ara rẹ rí ìwé náà, tí onílé ò sì tíì gbà kí o ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wà tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí àkòrí wọn kí wọ́n tó délé àáfà, tí wọ́n sọ fún wọn níbẹ̀ pé ikán ti jẹ ìwé. Òmíràn bá a pé wọ́n ti pín ìwé bí ogún: ìdajì wà lọ́dọ̀ ọmọ ìyáálé, ìdajì lọ́dọ̀ ọmọ ìyàwó, àwọn méjèèjì kì í sì í kí ara wọn.

Ìbàdàn ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ibùdó ìwé Lárúbáwá tí òpìtàn John Hunwick dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1964 ya ọ̀pọ̀ ìwé àwọn àáfà sórí fíìmù, wọ́n sì dá ojúlówó padà fún àwọn tó ni ín. Lẹ́yìn náà, wá apá kejì Arabic Literature of Africa, tí Hunwick yìí kan náà ṣe, tó jáde ní 1995. Ọ̀rọ̀ Ìlọrin wà nínú rẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé àti ohun tí oníkálùkù kọ wà níbẹ̀. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí o mọ ilé tó yẹ kí o kàn.

Tí o bá délé náà, má yọ fóònù. Kí bàbá, jókòó, sọ ilé kéwú tí o ti kàwé àti àáfà tó kọ́ ọ. Ní ilé kan tí mo lọ, ojú ni wọ́n fi lé mi jáde, nítorí olùwádìí kan ti gba ìwé bàbá wọn lọ rí, kò dá a padà. Mo padà lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn na ewé kan sí mi pé kí n kà á.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́wọ́ àwọn àáfà wa àtijọ́, abẹ́ ni wọ́n ń fi àmì fā' sí, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fi sórí qāf. Nínú ìwé atẹ̀ láti Káírò, fā' ló ní àmì kan lórí. Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìkan á rí qāf, á kà á sí fā', “qāla” (ó sọ pé) á di “fāla”, bàbá á sì gba ewé wọn padà. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà yìí kí o tó kúrò nílé.

Ọdún tún ńkọ́? Ẹlòmíràn kì í kọ nọ́ńbà, lẹ́tà ló fi ń ka ọdún, torí lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Wò ó: shīn, sīn, kāf, hā'. Nínú ìṣirò àwọn ará Ìlà-Oòrùn, 300, 60, 20 àti 5 ni, àpapọ̀ rẹ̀ 385. Ta ló ń fi kálámù kọ̀wé nÍlọrin ní 385 Híjírà? Ìṣirò Màgíríbì, ti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn, làwọn àáfà wa ń lò: shīn 1000, sīn 300, kāf 20, hā' 5, ó di 1325, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 1907.

Inú àpò awọ ni wọ́n máa ń kó ewé ìwé wọ̀nyí sí, kì í ní ìdè, nítorí náà má jẹ́ kó dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó kàn sábà máa ń wà nísàlẹ̀ lápá òsì, òun ni kí o fi tò ó. Ya fọ́tò etí ewé náà mọ́ ọn, torí àlàyé Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ lè wà níbẹ̀. Má tan iná fóònù sí i. Bí bàbá bá sì yọ ewé kan sọ́tọ̀, má bèèrè ìdí: ohun àṣírí ni.

Ní ti èdè, bí ẹ̀ka rẹ bá gbà, tó sì jẹ́ pé tahqiq (yíyẹ ọ̀rọ̀ inú ìwé àfọwọ́kọ wò, kí a sì tún un kọ jáde pẹ̀lú àlàyé) lo fẹ́ ṣe, Lárúbáwá ni kí o fi kọ ọ́, kí àwọn ọmọ onílé lè kà á. Tó bá jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé àáfà náà, Gẹ̀ẹ́sì kò burú. Èyí tó wù kó jẹ́, tẹ ẹ̀dà kan, dì í dáadáa, kí o sì fọwọ́ ara rẹ gbé e fún bàbá.