Èsì: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ó yọjú wo fáìlì mi?

Ẹ pẹ̀lẹ́. Bí ọkọ tí ẹ ti fi sílẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, bá ti mọ àdírẹ́sì tuntun tí ẹ kò sọ fún un, ẹ má tíì kò ó lójú. Àkọsílẹ̀ àwọn tó ṣí fáìlì yín ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọjọ́, wákàtí àti ìdí tí wọ́n fi ṣí i, kí wọ́n má sì pa nǹkan kan rẹ́. Wọ́n lè fi orúkọ òṣìṣẹ́ pamọ́. Ọjọ́ àti ìdí ni ẹ nílò jù.

Èyí wúlò bí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Níbi tí gbogbo ọ́fíìsì bá ti ń lo ẹyọ kan (ìwà àìbìkítà gbáà), ta lẹ fẹ́ mú?

Bí wọ́n bá ní àwọn kò tọ́jú àkọsílẹ̀, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní Finland fura pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ka fáìlì ìlera òun. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà kò fi ju ìgbà 5 tó kẹ́yìn tí wọ́n ṣí fáìlì náà hàn, kò sì lè mọ ẹni tó kà á. Ní 2008, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá nọ́ọ̀sì náà láre.

Tí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ó lè ṣe yín léṣe, ọlọ́pàá ló ṣáájú lẹ́tà.