HMS Sheffield: ọjọ́ kẹrin ló rì ni àbí ọjọ́ kẹwàá?

Ẹ kú ìbéèrè. Ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1982 ni HMS Sheffield, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rì. Ọjọ́ 4 tí ẹ rí níbòmíràn ni mísáìlì Exocet àwọn ará Ajẹntínà bà á nínú ogun tí wọ́n bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà lórí erékùṣù Falklands. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ikú àwọn 20 tó kú nínú rẹ̀ lẹ fẹ́ kọ, ọjọ́ 4 ni kẹ́ ẹ kọ.

Ẹ má kọ ọ́ pé ojú ẹsẹ̀ ló rì o. Mísáìlì náà dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì já páìpù omi tí wọn ì bá fi paná. Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi pa á? Èéfín lé wọn jáde.

HMS Yarmouth, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ló ń wọ́ ọ lọ nígbà tí òkun ru, tí omi gba ojú ihò yẹn wọlé. Ọdún 1975 péré ni Sheffield wọṣẹ́.