Ṣé Àkúrẹ́ ni alápàńdẹ̀dẹ̀ wọ̀nyí ti ń bọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Leeds ni à ń gbé. Wọ́n kọ́ ọmọkùnrin mi níléèwé pé bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, alápàńdẹ̀dẹ̀ á fò wá láti Áfíríkà. Ló bá gbà pé ọ̀dọ̀ màmá mi ni wọ́n ti ń bọ̀. Ó pe Màmá lórí fídíò, Màmá ní tòun wà lábẹ́ òrùlé, kò lọ síbì kankan. Ọmọ bú sẹ́kún. Kí ni kí n sọ fún un? (Ìyá Ire)

Èsì: Ìyá Ire, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Màmá ò parọ́, olùkọ́ náà ò parọ́. Áfíríkà tó sọ ló fẹ̀ jù.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ pín sí oríṣiríṣi. Àwọn tó ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé Màmá, onílé ni wọ́n. Èyí tí ẹ óò rí ní Leeds, tí wọ́n ń pè ní barn swallow, àlejò ni ní Nàìjíríà, kì í yé ẹyin níbẹ̀ rárá. Nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló ń dé, tí oṣù kẹta bá wọlé, ó ti ń múra àtilọ. Àwọn tó ń pamọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín gan-an, Gúúsù Áfíríkà lọ̀hún ni ọ̀pọ̀ wọn ń sá òtútù lọ. Bí wọ́n bá ń padà, wọ́n á la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n á gba Mòrókò àti Sípéènì. Ẹyẹ tí kò wúwo ju ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ, nǹkan bíi gíráàmù 20! Kòkòrò tó ń fò ló ń jẹ. Ẹ rántí bí èsúnsún ṣe ń tú jáde lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò ní Àkúrẹ́. Àsè ńlá nìyẹn fún ẹyẹ tó fẹ́ rìnrìn àjò.

Nítorí náà, ẹ má búra fún ọmọ pé èyí tó bà sórí wáyà ládùúgbò yín ti bà sí Ọjà Ọba rí. Willow warbler ló sún mọ́ ohun tó ń wá jù. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lòun ti ń lo ìgbà òtútù, oṣù kẹrin ló sì ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé ni, inú igi ló ń sá sí. Ó lè ti wà nínú igi máńgòrò Màmá kí wọ́n má kà á sí.

Màmá náà ní ẹyẹ tó ń lọ tó ń bọ̀, lékeléke tí àwa ọmọ Oǹdó náà máa ń na èékánná sí. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Bí òjò bá ti rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba Òkè Ọya lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bi Màmá léèrè ìyẹn.

Kí Màmá sì máa wo orí wáyà iná nírọ̀lẹ́. Èyí tí ọ̀fun rẹ̀ pupa, tí ìgbànú dúdú wà láyà rẹ̀, àlejò nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ má dúró sójú fèrèsé: ẹ mú ọmọ lọ sí etí omi, tàbí oko tí wọ́n ti ń sin màlúù àti ẹṣin, láti ìparí oṣù kẹta lọ. (Bàbá Morẹ́, Bristol)