Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ọrọ̀ Tó Wà Nínú Ilẹ̀ Wa, Báwo Ni A Ṣe Lè Jẹ Ẹ́ Láìba Ilẹ̀ Jẹ́?

Ìbéèrè láti Ṣábẹ̀ẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kájú ní agbègbè wa. Láti ìgbà tí ìjọba ti fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ kó kájú tí a kò tíì pa lọ sí ilẹ̀ òkèèrè mọ́, àwọn kan nínú wa ń yọ̀, àwọn mìíràn sì ń ráhùn pé àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa ti dín kù, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n sì ń dá lé e. Irú ètò wo ni ẹ rò pé ó lè mú kí ohun tó ń hù lórí ilẹ̀ wa sọ wá di ọlọ́rọ̀, kí igbó, omi àti afẹ́fẹ́ wa má sì bàjẹ́?

Èsì

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ oko. Àwọn tó ń yọ̀ àti àwọn tó ń ráhùn, òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ọdún 2022 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kéde òfin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024. Ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ kò ṣòroó rí. Láti ọdún pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ kájú ilẹ̀ Áfíríkà ti ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà àti Vietnam pẹ̀lú èèpo lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, tí wọ́n ti ń ṣà á, tí wọ́n ti ń dì í, ibẹ̀ náà sì ni owó iṣẹ́ ń dúró sí. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá gbé àpò kájú kan lórí ìwọ̀n, ọmọ inú rẹ̀ tí ènìyàn ń jẹ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú márùn-ún lọ, èèpo ló kó gbogbo ìyókù. Èyí já sí pé a ń jó epo ọkọ̀ láti gbé èèpo la òkun kọjá. Ẹni tó bá ń wá ọrọ̀ tí kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́ kò níláti wá ibòmíràn bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin tó kàn ń dènà lásán lè di ẹrù lórí àgbẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó lè pa kájú bá kéré ju irè oko lọ, àwọn díẹ̀ tó ń rà á ni yóò máa dá iye lé e. Ìlú Mòsáḿbíìkì rí òdìkejì rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Báńkì Àgbáyé ló tì wọ́n láti dín owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí kájú tí a kò tíì pa tó ń lọ sí òkèèrè kù. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa kájú kò lè bá àwọn tó ń rà á lọ sí òkèèrè du kájú náà mọ́, wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, sì pàdánù iṣẹ́ wọn, nígbà tí èrè tí àgbẹ̀ rí nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣí ibodè sílẹ̀ gbayawu. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí iye tó kéré jù lọ tí ìjọba máa ń kéde fún ọdún kájú jáde kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan sì wà ní kọ̀múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) kọ̀ọ̀kan tí àgbẹ̀ lè mú ẹ̀sùn lọ bá bí wọ́n bá rà á sí ìsàlẹ̀ iye náà. Ní ọdún tí irè bá pọ̀ ju agbára ilé iṣẹ́ lọ, kí a jẹ́ kí àjẹkù jáde, kí a gba owó ibodè lórí rẹ̀, kí a sì dá apá kan owó yẹn padà sí àwọn kọ̀múùnù tí kájú náà ti wá.

Ibi tí ilé iṣẹ́ wà tún ṣe pàtàkì. Agbègbè ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ́ sí Glo-Djigbé, lẹ́yìn Kútọnu, jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ kí a yìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti Ṣábẹ̀ẹ́ débẹ̀, ọ̀dọ́ tó bá sì lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti fi oko bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Kí ni kò jẹ́ kí a ní àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Glazoué, ní Parakou, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò ní ìpín nínú wọn? Ojú irin tó lọ láti Kútọnu dé Parakou gba àárín Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá. Ó dùn mí pé a fi í sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń fi èéfín kun ọ̀nà.

Níbi èèpo kájú ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró jù, nítorí níbẹ̀ ni iṣẹ́ tó mọ́ ti ń yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ́. Òróró kan wà nínú èèpo náà tó ń bó ọwọ́. Àwọn obìnrin tó ń pa kájú láìní ìbọ̀wọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí a bá fi èèpo náà dáná bó ṣe rí, èéfín rẹ̀ ń ta ojú, ó sì ń gbé ènìyàn láyà. Bí a bá dà á jọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́, òróró náà ń jò sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ fún òróró yẹn jáde, títà ni, wọ́n ń lò ó nínú búréèkì ọkọ̀ àti nínú ọ̀dà. Èèpo tó ṣẹ́kù yóò wá jó dáadáa nínú ààrò tí wọ́n ṣe fún un, ooru rẹ̀ ni a ó sì fi se kájú kí a tó pa á, tí a kò fi ní gé igi kankan. Mo fẹ́ kí ó wà nínú òfin pé ilé iṣẹ́ tí kò bá sọ ohun tí yóò fi èèpo ṣe kò ní gba ìwé àṣẹ. Ilé iṣẹ́ ṣúgà tó wà lọ́dọ̀ yín, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀, lè kọ́ nínú ohun tí Mauritius ń ṣe: ìyókù ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán ni wọ́n ń jó, iná mànàmáná tó sì ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ nìkan, ó ń dé ilé àwọn ará ìlú.

Ẹ má gbàgbé èso kájú tó ń jẹrà lábẹ́ igi lọ́dọọdún, oje ni ó yẹ kó dà. Àwọn tó gbé ilé oyin sínú oko kájú sì ń rí i pé oyin ń wọlé, igi náà sì ń so sí i.

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́

Olóòtú, akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́ ní Àjàṣẹ́. Epo rọ̀bì wà létí òkun wa ní Sèmè. Ṣé kò yẹ kí a kọ́kọ́ wa epo, kí a lówó lọ́wọ́, kí a tó máa sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó mọ́?

Èsì

Ọmọ wa, ìbéèrè rẹ kì í ṣe ti òmùgọ̀, ọ̀pọ̀ àgbà ló ń sọ ọ́. Ọdún 1968 ni wọ́n rí epo Sèmè, ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde, ó sì dáwọ́ dúró ní 1998. Ọdún 16 péré ni. Báyìí epo ilẹ̀ Niger ti ń gba inú ọ̀pá tó tó nǹkan bíi 2,000 kìlómítà láti Agadem wá sí Sèmè-Kpodji, owó ìrékọjá sì wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, kí a wa tàbí kí a má wa, owó epo wà lójú ọ̀nà wa, ohun tó kù ni òfin tí yóò dè é.

Wo Nọ́wè. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣe òfin àpò ìfowópamọ́ epo wọn, owó àkọ́kọ́ wọlé sínú rẹ̀ ní 1996, ìlànà wọn sì ni pé ìjọba kò ní ná ju èrè tí wọ́n retí lórí àpò náà lọ, èyí tí wọ́n ṣírò sí nǹkan bíi ìdá 3 nínú 100 lọ́dún. Ní 1991, nígbà tí epo wọn ṣì ń dàgbà, ni wọ́n ti fi owó orí lé èéfín tí ilé iṣẹ́ epo ń tú jáde. Wọn kò dúró kí wọ́n lówó tán. Ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà ti dá irú àpò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti 1976, ogún ọdún ṣáájú kí owó Nọ́wè tó wọlé, wọ́n sì ń fi ìdá 30 nínú 100 owó tí wọ́n ń rí lórí epo sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan le, wọ́n dín in kù, ní 1987 wọ́n dáwọ́ dúró pátápátá. Lónìí àpò wọn kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Nọ́wè. Òfin tí ìjọba lè yí padà ní ọdún tí ebi bá pa á kò tíì di òfin.

Ní Nàìjíríà tó múlé tì wá, Oloibiri ni wọ́n ti rí epo ní 1956. Ọdún 2021 ni òfin wá jáde tó sọ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ epo máa ya ìdá 3 nínú 100 owó tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dún sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Ọdún 65 wà láàárín méjèèjì, nínú ọdún wọ̀nyẹn ni gáàsì ń jó lálẹ́ lálẹ́, tí omi àwọn apẹja sì ń dúdú. Ìdáhùn mi sí ọ ni pé kí òfin ṣáájú owó: kí ìwé àdéhùn wà ní gbangba, kí àpò ìfowópamọ́ wà tí ilé ìgbìmọ̀ nìkan kò lè fọwọ́ kàn, kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ wa epo sì fi owó ìtúnṣe òkun àti ọ̀sà sílẹ̀ kí ó tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́.

Ìbéèrè láti Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Èédú ni mò ń tà láti fi tọ́ ọmọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù wa, wọ́n ní àwa là ń ba igbó jẹ́. Kí la ó máa jẹ?

Èsì

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Gbígbẹ́sẹ̀ lé ẹrù nìkan kò tíì gbin igi kan. Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ló ń ra èédú yín, nítorí náà gáàsì gbọ́dọ̀ rọrùn fún wọn láti rà kí ọjà èédú tó lè dín kù. Títí ìgbà náà, ohun méjì wà tí ẹgbẹ́ yín lè béèrè fún. Ọ̀kan ni ààrò èédú tí wọ́n ń pè ní Casamance, tí wọ́n ti ń lò ní Sẹ̀nẹ̀gà: ó ní ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde, èédú tó sì ń jáde nínú igi kan náà pọ̀ ju ti ààrò abẹ́ ilẹ̀ lọ. Èkejì ni ilẹ̀ tí ẹ ó fi gbin akéṣíà. Wọ́n ti gbìn ín fún igi ìdáná ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún púpọ̀, kì í pẹ́ tó igi iroko tàbí àpá kí ó tó tó gé, igbó Dogo-Kétu yóò sì lè sinmi. Ní Illoulofin, nítòsí Pọ́bẹ̀ẹ́, pápá iná oòrùn tó ní agbára mẹ́gáwáàtì 25 ti ń ṣiṣẹ́ láti 2022. Ó yẹ kí àwọn abúlé tó yí i ká wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní iná rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ kọ̀múùnù Kétu bá tún jókòó, kí ẹgbẹ́ yín rán ènìyàn méjì lọ, kí wọ́n béèrè iye owó ìwé àṣẹ igi tó wọlé lọ́dún tó kọjá àti iye tó padà sí gbígbin igi nínú rẹ̀.