Fún nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n gbé lọ sí ẹ̀ka ìmúbọ̀sípò

Àbúrò mi, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. O ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó wà níbi iṣẹ́ abẹ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé arúgbó lo máa ṣọ́. Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti wà ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí a ti ń kọ́ aláìsàn láti tún máa ṣe nǹkan fúnra rẹ̀; ohun tó le jù níbẹ̀ ni kí nọ́ọ̀sì dá ọwọ́ ara rẹ̀ dúró.

Bàbá tí àrùn ẹ̀gbà kọlù, tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́, tó ń wá ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kiri: má wọ̀ ọ́ fún un. Ní kó kọ́kọ́ ki apá tí kò gbé bọ̀ ọ́, kó tó ki èyí tó le. Kí o wá dúró. Yóò pẹ́, ìyàwó rẹ̀ á sì máa wò ọ́ bí ọ̀lẹ.

Àwọn ará ilé gan-an ni iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ló ń wẹ aláìsàn, àwọn ló ń bọ́ ọ, o ò sì lè lé wọn. Fi hàn wọ́n pé a kì í fa apá tí kò gbé láti fi gbé èèyàn dìde, torí èjìká rẹ̀ lè yẹ̀. Kọ́ wọn pé kí aláìsàn jókòó dáadáa kó tó jẹun, kó má sì tètè dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí oúnjẹ má baà pá a lórí. Kinẹ́, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn bó ṣe máa lo ara rẹ̀, á ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lówùúrọ̀, á lọ. Bí ìwọ àti ẹbí bá ń gbé aláìsàn lọ sílé ìtọ̀ lóru, ẹ ti tú gbogbo rẹ̀ ká.

Ẹni tí kò lè yíra padà, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà yọ sí i lára. Má retí kí ibi tí egbò fẹ́ yọ pọ́n bí ìwé ṣe wí; lára èèyàn dúdú, ó lè má hàn. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí àti gìgísẹ̀, bóyá ó gbóná tàbí ó le.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí o ti sáré. Ọmọkùnrin tó ṣubú lórí zemidjan (ọ̀kadà), tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ ní egungun ẹ̀yìn kẹfà níbi àyà tàbí lókè rẹ̀, bó bá ṣàdédé ní orí ń fọ́ òun gan-an, tí òógùn bo ojú rẹ̀, má fi parasẹtamọ́ọ̀lù tàn án; ìfúnpá rẹ̀ ló ń ru. Gbé e jókòó kíá, tú gbogbo ohun tó fún mọ́ ọn lára, rán ẹnì kan pe dókítà, kí o wọn táńsíọ̀n rẹ̀, ìyẹn ìfúnpá. Nọ́ńbà òkè ti irú wọn sábà máa ń wà láàárín 90 sí 110, nítorí náà 140 tí kò bà ọ́ lẹ́rù lára ẹlòmíì ti pọ̀ jù fún un. Tọ rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀ dé ìdí, bóyá ó ká tàbí ó dí. Bí kì í bá ṣe ìtọ̀, ìgbẹ́ tó há ló sábà máa ń jẹ́.

Ó ku kan. Tètè béèrè irú ilé tí aláìsàn ń padà sí. Ẹni tó wá láti Kétu, tó jẹ́ ṣálángá ẹ̀yìnkùlé ló ní, kò ní lè lóṣòó mọ́. Káfíńtà lè kan àga tó ní ihò láàárín fún un. Kí ẹbí gbé e wá sí wọ́ọ̀dù kó tó lọ sílé, kó fi kọ́ra níwájú rẹ.