Kí Akọ̀ròyìn Tó Wà ní Ẹ̀pẹ́ Tó Kó Lọ sí Ìgboro

Àbúrò mi, o ní o ti gboyè nínú iṣẹ́ ìròyìn, o ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, o sì wà nílé ní Ẹ̀pẹ́ níbí, tí o ń rò ó bóyá kí o kó lọ sí ìgboro Èkó láti wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ńlá, tàbí kí o pa iṣẹ́ náà tì pátápátá. Lójú tèmi, má tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní agbègbè wa yìí, kí o mọ̀ ọ́n débi pé olóòtú tó bá nílò rẹ̀ kò ní rí ẹlòmíràn pè.

Èmi ti ṣiṣẹ́ ní ìgboro rí. Ilé iṣẹ́ tó gbà mí fún mi ní káàdì ìdánimọ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù kì í wọlé, nígbà tí a bá sì béèrè, èsì ọ̀gá ni pé káàdì tó wà lọ́rùn wa ti tó fún wa láti máa rí jẹ. Ohun tó ń sọ kò ju pé kí a máa gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí a bá lọ gbọ́ ìròyìn lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń gbà á ń rí jẹ lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́ tí ìròyìn tó yẹ kó kọ yóò fi di èyí tí kò lè kọ mọ́.

Nígbà tí mo padà wálé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo dojú kọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Lẹ́kí àti ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí lọ́dún 2023, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń polówó ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ lórí fóònù fún àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Mo máa ń lọ sí abúlé, mo máa ń jókòó ti àwọn àgbà ẹbí láti béèrè ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé àti èyí tó ti yọ̀ǹda padà fún wọn, n óò sì fi ohun tí wọ́n sọ wé ohun tó wà nínú gàsẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba. Àwọn ìwé ìròyìn orí ayélujára bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan, rédíò sì ń gba ti Yorùbá lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí kí n wá ṣe amọ̀nà àti ògbufọ̀ fún wọn, owó ọjọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn sì máa ń ju owó oṣù tí n kò rí gbà ní ìgboro lọ.

Kò pọn dandan kí tìrẹ jẹ́ ilẹ̀. Ọjà ẹja Olúwo nìkan tó iṣẹ́ ọdún kan. Ohunkóhun tí o bá mú, lo Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, tó fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ lẹ́tà béèrè àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ó fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 2025 pé ó de àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í dáhùn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, nítorí ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ gbà jẹ́ ara ìròyìn.

Àwọn tó ń ta ilẹ̀ yóò wá ọ wá, nítorí wọ́n nílò ẹni tó mọ̀wé kọ, owó wọn sì dára. Iṣẹ́ gidi ni, n kò fi ṣẹ̀sín, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ló ń tọ́mọ nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè máa kọ ìpolówó ilẹ̀ láàárọ̀ kó tún máa ṣe ìwádìí ilẹ̀ lálẹ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí mo ń ṣe, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ ọlọ́sìn ẹja ni mo ń ṣe é fún, n kì í sì í kọ ìròyìn nípa wọn.

Ní ti YouTube, ó fẹ́ kí o ní olùtẹ̀lé 1,000 àti wákàtí ìwòran 4,000 láàárín ọdún kan kí o tó gba ìpín nínú owó ìpolówó fídíò gígùn, nítorí náà má fi ṣe oúnjẹ ọdún àkọ́kọ́.

Ṣọ́ra fún Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti ọdún 2015. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2024, síbẹ̀ àwọn alágbára ṣì ń fi í mú akọ̀ròyìn. Tọ́jú ohùn tí o gbà sílẹ̀, má sì dá gbé ẹ̀sùn jáde lójú ìwé ara rẹ láìjẹ́ pé olóòtú kan ti kà á.

Bí o bá fẹ́ kọ̀wé sí olóòtú, jẹ́ kó kúrú: ohun tuntun tí o rí, àwọn tí o ti bá sọ̀rọ̀, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ, ọjọ́ tí o lè parí rẹ̀, àti iye tí o fẹ́ gbà. Má fi iye yẹn sílẹ̀ láìkọ.