Fèrèsé Vim tí kì í dúró lójú kan

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nínú Vim, ìyẹn ohun èlò ìkọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, ni mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí fèrèsé tí orúkọ àwọn fáìlì mi wà, ní apá òsì, jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí òmíràn, gbogbo wọn a tún di ọgbọọgba. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Ètò kan nínú Vim tí ń jẹ́ equalalways, tí ń sọ gbogbo fèrèsé di ọgbọọgba, ló ń fà á, èyí tí Vim ti tàn sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ lè fi :set noequalalways pa á, àmọ́ a kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdajì fèrèsé tí ẹ wà nínú rẹ̀ nìkan ni tuntun yóò máa gbà, bí ẹ bá sì pín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, èyí tó kẹ́yìn kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Ta ló fẹ́ kàwé nínú ìyẹn? Ó sàn kí ẹ wọ inú fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ náà, kí ẹ tẹ :vertical resize 30, kí :setlocal winfixwidth sì tẹ̀ lé e. Yóò dúró sí ìwọ̀n lẹ́tà 30, àwọn yòókù yóò sì máa pín àyè tó kù. Bí ẹ bá fa ojú tẹ́míná (fèrèsé kọ̀ǹpútà tí Vim ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) gbòòrò, Vim kì í tún un pín fúnra rẹ̀: ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ w, kí ẹ wá tẹ =.